Abẹ́rẹ́ Bùsèrí

Aránṣọ ni Bùsèrí ní Ìlọrin, láyé ìgbà tí gbogbo aṣọ ṣì jẹ́ àfọwọ́rán. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó jogún lọ́wọ́ baba rẹ̀ ló fi ń jẹun. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àlùfáà pé Ànábì Ìdírísù ló kọ́kọ́ rán aṣọ láyé, àti pé bó bá ti gún abẹ́rẹ́ báyìí, á ní, "Sùbúhánálláhì." Bùsèrí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, á tú ojú rírán náà, á tún un gún. Ẹ wáá wo bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti máa pẹ́ tó!

Sàfúrátù, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Baba Yàkúbù, oníṣòwò ẹṣin tó jẹ́ baba ọmọbìnrin náà, ni kò gbà kó fẹ́ ẹ.

"Baba, Ànábì tí Ọlọ́hun gbé ga, iṣẹ́ yìí ló ṣe," ni Bùsèrí wí lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Ìyẹn Ànábì. Ìwọ ńkọ́? Adìẹ mi á gbé gbogbo ohun ìní rẹ mì, ebi á ṣì máa pa á!"

Kò pẹ́ ni wọ́n mú Baba Yàkúbù láti fi jẹ oyè Baba Àdínì ní mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọn yóò wé láwàní fún un, kò sì sí ẹni tó mọ alùkíńbà, aṣọ ìlékè tí olóyè máa ń wọ̀, rán tó Bùsèrí. Ni baba bá ránṣẹ́ pè é, ó ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Agboolé baba ni Bùsèrí ti ń rán an. Láàárọ̀ Jímọ̀, ó ku etí apá kan. Bùsèrí gún abẹ́rẹ́ mọ́ ẹní, òwú ṣì wà nídìí rẹ̀, ó lọ kírun wálúhà. Nígbà tó máa fi dé, kò bá abẹ́rẹ́ mọ́. Baba Yàkúbù sì rèé, ó ti gbé alùkíńbà wọ̀ wò.

"Baba, ẹ má mira o! Bóyá inú aṣọ ló wà!"

Baba Yàkúbù dúró gbagidi, òógùn bò ó. Wọ́n tú ẹní, wọ́n gbálẹ̀, wọn ò rí i. Ẹ̀rù ba Bùsèrí gan-an. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí iṣẹ́. Ta ni yóò tún dárúkọ ìyàwó?

Àfi bí Sàfúrátù ṣe pariwo: "Ẹ wo adìẹ Baba! Òwú wà lẹ́nu ẹ̀!"

Adìẹ funfun náà na ọrùn, ó ń ya ẹnu, kò lè gbé e mì, kò lè pọ̀ ọ́. Sàfúrátù dì í mú. Bùsèrí rọra ń fa òwú, ó ń ṣe "Sùbúhánálláhì" díẹ̀díẹ̀, títí abẹ́rẹ́ fi jáde. Adìẹ gbọn ìyẹ́, ó ké, ó sì lọ ń ṣa ọkà.

Gbogbo agboolé mí kanlẹ̀. Baba Yàkúbù rántí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bùsèrí, parí aṣọ mi. Bó bá di ọ̀la, kí àwọn ẹbí rẹ wá bá mi."

Láti ọjọ́ náà, bí àgbà bá rí ẹni tó ń fojú kékeré wo ọmọlàkejì rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé: bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.