Ìdí Tí Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Fi Ń Kágò

Nígbà láéláé, nígbà tí irin ṣì lẹ́nu tó fi ń sọ̀rọ̀, alùpùpù kì í dún rárá. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé láéláé tèmi yìí kò lè jìnnà ju ọjọ́ tí alùpùpù dé ayé lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pìtàn ló ni láéláé rẹ̀.

Ní ìlú Ìsàlẹ̀-Ìrókò, Ọ̀jẹ́wùmí nìkan ló ní alùpùpù, ó sì ń yọ́ rìn bí ológbò. Ọ̀jẹ́wùmí fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà nítorí pé aláwàdà burúkú ni. Bí àwọn obìnrin bá kó orí jọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹ̀yìn wọn ni wọn óò ti gbọ́ ọ: "Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i!" Wọn óò sì fọ́n ká bí adìyẹ tó rí àṣá.

Lọ́jọ́ kan, ó gùn ún lọ sílé àna rẹ̀, Pa Oyèkàńmi, lórí òkè. Kò kágò. Ó kàn wọlé ni. Ó bá àna rẹ̀ tó ti ọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀ tí ìyàwó bàbá náà sè, ẹran ńlá sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kúulé o, Bàbá!" ni Ọ̀jẹ́wùmí kígbe, tí gbogbo agbo ilé fi gbọ́.

Bàbá gbé ẹran náà mì ní gbígbóná. Ó sì di ọ̀rọ̀ náà sínú.

Nínú orí ẹ́ńjìnnì alùpùpù yìí, àwọn mẹ́ta ló ń gbé. Méjì jẹ́ fáàfù, aṣọ́nà ni wọ́n. Wọlé ló ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ tútù, Jáde ló sì ń ṣí i fún èéfín gbígbóná. Ẹni kẹta ni Kànkùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tẹ̀ wọ́n lórí kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀ wọ́n tán, kì í gbọ́wọ́ kúrò. Orí wọn ló máa ń fọwọ́ tì, bí ẹni tó fara ti ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n Kànkùn," ni Jáde ń bẹ̀ ẹ́, "ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí mi kí n lè tilẹ̀kùn dáadáa. Iná ń jó mi lẹ́nu."

"Ọmọ ilé ni mí," ni Kànkùn ń dá a lóhùn. "Ta ló ń kágò nílé ara rẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọ̀jẹ́wùmí, fi bímọ ọkùnrin sílé bàbá rẹ̀. Ni Pa Oyèkàńmi bá ránṣẹ́ sí Ọ̀jẹ́wùmí: "Ọ̀la la ó sọ ọmọ lórúkọ. Bí oòrùn bá kan àtàrí tí bàbá ọmọ kò tíì dé, èmi ni n ó sọ ọ́. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àìtètèdé ni yóò máa jẹ́."

Ọ̀jẹ́wùmí káwọ́ lérí. Àìtètèdé! Kí wọ́n máa pe ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi hewú? Ọjọ́ ti rọ̀, bó bá sì fi ẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀ ọ̀la, ọ̀sán á ti pọ́n kó tó dé. Kíá, ó fò sórí alùpùpù.

Nígbà tó dé àárín òkè, ẹ́ńjìnnì ti gbóná janjan. Ooru mú kí ara Jáde gùn sí i, ọwọ́ Kànkùn sì wà lórí rẹ̀, kò ráyè padà sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ò lè tì mọ́. Agbára ẹ́ńjìnnì ń jò lọ láti ibẹ̀. Alùpùpù wúkọ́, ó sín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Ó gbé Ọ̀jẹ́wùmí kọjá lára àwọn ewúrẹ́ tó ti máa ń dẹ́rù bà, wọ́n sì dúró wò ó.

Nígbà tó tì í délé tán, ó kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀, ó fi sípánà tú orí ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

"Ọ̀jẹ́wùmí!" ni ìyá rẹ̀ figbe ta. "Abọ́ tí mo fi ń ṣan irú lo kó irin ọlọ́ràá sí yẹn?"

"Ẹ má bínú, Ìyá mi. Ọmọ ọmọ yín ni mò ń gbà sílẹ̀."

"Ìyẹn dáa. Bó o bá gbà á sílẹ̀ tán, wá fọ abọ́ mi."

Ẹnu Jáde ti jóná, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀jẹ́wùmí po iyanrìn kíkúnná mọ́ òróró, ó fi sí i lẹ́nu, ó sì ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni ń fi ìjábẹ̀ lu ilá, títí ẹnu rẹ̀ fi bá ojú ilẹ̀kùn mu. Ó ṣe Wọlé náà bẹ́ẹ̀. Ó nù wọ́n mọ́ tónítóní, ó sì da epo bẹntiróòlù sẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn láti wò ó bóyá yóò jò. Ẹ̀kán kan ò jò.

Ó kù kó tò ó padà. Ṣùgbọ́n Kànkùn tún ti ń na ọwọ́ sórí wọn.

"Gbọ́wọ́ kúrò," ni Ọ̀jẹ́wùmí wí.

"Ọmọ ilé kì í kágò."

Ọ̀jẹ́wùmí yanu láti bú u, ló bá rántí ìkòkò ọbẹ̀. Ojú tì í. "Kànkùn," ló wí, "ìwà kan náà ni èmi àti ìwọ ń hù. Mo wọlé àna mi láìkágò, wo ohun tó fẹ́ kó bá ọmọ mi."

Kànkùn ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí wọn. Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kí irin náà tutù di òwúrọ̀ kí Ọ̀jẹ́wùmí tó wọn àyè tí yóò wà láàárín wọn. "Ara gbígbóná ló wú yẹn. Bó o bá wọ̀n ọ́n báyìí, irọ́ lo wọ̀n."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Ọ̀jẹ́wùmí yá bíléèdì tí ìyá rẹ̀ fi ń gé èékánná, ó tì í bọ àárín Kànkùn àti Wọlé, ó sì sọ fún Kànkùn: "Àyè tí bíléèdì yìí gbà ni kó o fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kó o ti máa kágò kó o tó tẹ̀ ẹ́."

"Tèmi ńkọ́?" ni Jáde ké. "Èmi tí mò ń jẹ iná! Ẹ fún mi láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ!" Ọ̀jẹ́wùmí fi bébà kún bíléèdì fún un.

Ó to ẹ́ńjìnnì padà tán, ó fi ẹsẹ̀ ta á, Kànkùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwọn aṣọ́nà lórí kó tó tẹ̀ wọ́n. Alùpùpù dáhùn: "Àgò! Àgò! Àgò!" Ó sì gun òkè náà bí ewúrẹ́ tó gbọ́ òórùn iṣu.

Lórí òkè, oòrùn kò tíì kan àtàrí, ṣùgbọ́n oòrùn ti Pa Oyèkàńmi ń yára ju ti gbogbo ayé lọ. Ó ti gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ti fi oyin kàn án lẹ́nu. "Gbogbo ará ilé, ẹ gbọ́ o! Orúkọ ọmọ yìí ni..."

"Àgò! Àgò! Àgò!" ló dún láti ìta.

Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í gbọ́ àgò kó má dáhùn. Kí Bàbá tó mọ̀, ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Àgò yà!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀jẹ́wùmí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ta ló kọ́ ọ lágò?" ni Pa Oyèkàńmi bi í bó ti tẹ̀ba lé e lórí.

Ọ̀jẹ́wùmí rọra sọ ọ́ sí i létí: "Alùpùpù ni, Bàbá. Láti òní lọ, ẹ ó ti máa gbọ́ mi láti ìsàlẹ̀ òkè. Ẹ ó ti nu ẹnu yín tán kí n tó dé."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀ kó sọ ọ́ lórúkọ. Adékúnbi ni Ọ̀jẹ́wùmí sọ ọ́, ṣùgbọ́n Àgòyà ni bàbá àgbà ń pè é títí dòní.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnnì alùpùpù ti ń kágò, pàápàá ní òwúrọ̀ tí ara rẹ̀ ṣì tutù. Láti ọjọ́ náà náà ni fáàfù tó ń jẹ iná ti ń gba àyè ju èkejì lọ. Bí tiyín bá sì ṣàdédé dákẹ́, ẹ má yọ̀. Ẹ lọ wá bíléèdì. Kànkùn ti tún gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.