Ẹní Ẹnu Ọ̀nà Abẹ́bí

"Bàbá Àyọ̀ká, níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Oko ni."

"Oko wo ló ń rùn bí osùn báyìí?"

"Ìwọ náà, kí ló dé tí ohùn rẹ fi há?"

"Òtútù ni."

"Òtútù! Nínú ooru tó ń mú ewúrẹ́ mí hẹlẹhẹlẹ yìí?"

Ẹní ló wà láàárín Oyèkànmí àti Abẹ́bí ìyàwó rẹ̀. Ní Òkè-Àwùn láyé àtijọ́, bí obìnrin bá bí àkọ́bí, wọn a so ẹní dí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ọkọ kò gbọdọ̀ wọlé títí ọrùn ọmọ yóò fi le. Lọ́jọ́ náà ni yóò gbé ọmọ jáde lójú gbogbo agboolé. Kó tó dìgbà náà, ohùn nìkan ni tọkọtaya fi ń mọ ara wọn.

Osùn kì í sì í ṣe ohun tí ọkùnrin fi ń para lọ sóko. Abẹ́bí ti parí èrò: obìnrin mìíràn ni. Oyèkànmí pẹ̀lú ń gbọ́ bó ṣe ń di ẹrù nínú yàrá, ó sì dá a lójú pé ìyàwó òun fẹ́ gbé ọmọ sá lọ sílé bàbá rẹ̀. Bó bá bi í, "Kò sí nǹkan" ni. Bí ìyàwó bá bi òun náà, "Kò sí nǹkan" ni.

Nígbà tí Oyèkànmí gbọ́ pé Abẹ́bí ti ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé kó wá bá òun gbé ẹrù, ó sáré lọ pe Ìyá Ẹfúnyẹmí. Arúgbó yìí ló ń so ẹní fún gbogbo ìyá ọmọ tuntun, òun náà ló sì ń parí ìjà wọn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Abẹ́bí, sọ tẹnu rẹ."

"Ìyá, ẹ bi í léèrè ẹni tó ń fi osùn pa á lára."

"Oyèkànmí, o gbọ́?"

"Ẹ bi òun náà ní ibi tó ń di ẹrù lọ."

"Ẹ ò rí i? Kò dáhùn!"

"Ìwọ náà, ṣé o dáhùn?"

Bí ìyá ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé e bọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń korò sí i. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí okùn ẹní.

"Ìyá, èèwọ̀ ni!" ni Oyèkànmí ké.

"Ta ló so ó? Èmi ni. Ṣé o fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú u ni?"

Ẹní bọ́ sílẹ̀. Abẹ́bí rí ọkọ rẹ̀: ó ti rù, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ọmọdé tó fọ́ ìkòkò ìyá rẹ̀. Ojú ọkùnrin tó ń yan àlè kọ́ nìyí. Oyèkànmí rí ìyàwó rẹ̀: ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì ti wú.

"Abẹ́bí, ẹkún lò ń sun?"

"Lójoojúmọ́. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Mo rò pé ẹ máa pè mí ní ọ̀lẹ, ni mo ṣe fẹ́ lọ sílé bàbá mi."

Oyèkànmí tẹ ẹní kọjá, ó sún mọ́ ọn.

"Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń lọ. Ọmọ rẹ̀ ni mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ. Òórùn osùn ara ọmọ náà lò ń gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí Àyọ̀ká má já bọ́ lọ́wọ́ mi lójú èèyàn."

Abẹ́bí gbé Àyọ̀ká nílẹ̀. Ó sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

"Ẹ dẹ ọwọ́ o. Ìdì igi kọ́ lẹ gbé yẹn."

Láti ọjọ́ náà, wọn kò so ẹní mọ́ ní Òkè-Àwùn, ọ̀rọ̀ tí arúgbó náà sì sọ bó ṣe ń jáde lọ ni àwọn àgbà sọ di òwe:

"Mo fi etí gbọ́ yín títí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú lọ̀rọ̀ wà."