Pùláyà Orí Ìṣó

Jókòó, Oyèníran. N kò tíì wọ bàtà. Mu tíì rẹ. O ní kí n dìde kí n lọ bá ọ bẹ ìyàwó rẹ, nítorí pé o bá àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti di ẹrù sínú rẹ̀, ó sì ní bí ilẹ̀ bá mọ́ òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Ìkìrun. Mo gbọ́. Etí mi kò di. Ṣùgbọ́n kí n tó dá ọ lóhùn, ìwọ yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi, bí o bá sì já lu ọ̀rọ̀ mi, màá tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Ọkùnrin kan ń bẹ, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ìlú tí òjò kì í fẹ́ dá bí ìgbà òjò bá dé. Ilé náà kò ní ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n lè na okùn aṣọ sí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Aṣọ funfun ni ó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ra ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ.

Níwájú ẹ̀rọ náà, ohun roboto kan wà bí ìdérí ìgò, òun ni wọ́n fi ń yí i síbi tí wọ́n bá fẹ́ kí ó gbóná dé. Nọ́ọ̀bù ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀bù yìí là nínú. Bí o bá wò ó lóde, o kò ní í mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Ṣùgbọ́n bí o bá yí i, òun nìkan ni yóò máa yí lófìfo, ẹ̀rọ kò ní í dáhùn.

Ìyàwó pe ọkọ. Ọkọ fa nọ́ọ̀bù yọ, ó rí ọ̀pá irin kékeré kan tí ó yọ orí síta. Irin náà rí roboto, àfi ẹ̀gbẹ́ kan tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ yẹn ni nọ́ọ̀bù fi ń dì í mú. Ọkọ lọ mú pùláyà wá láàárín irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi ẹnu rẹ̀ di irin náà mú, ó yí i. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Wò ó, ó ti ṣe. Jẹ́ ká máa fìyẹn mánéèjì ná."

Ná! Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ti ba ilé jẹ́ ju bí iná ti bà á jẹ́ lọ.

Ìyàwó kò bá a jà. Nígbà tí ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe, ó ra nọ́ọ̀bù tuntun, ó gbé e ka orí ẹ̀rọ nínú ọ̀rá rẹ̀. Ó ní, "Ó ti dé o. Wọ́n ní ká kàn tì í wọlé ni." Ọkọ ní òun ti rí i.

Ó rí i lóòótọ́. Ojoojúmọ́ ni ó ń rí i. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án, nítorí pé pùláyà ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ń bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Kì í ṣe pé nọ́ọ̀bù ṣọ̀wọ́n. Kò tilẹ̀ gba agbára. Kí ènìyàn na ọwọ́, kí ó ya ọ̀rá, kí ó tì í wọlé, ó tán!

Dípò bẹ́ẹ̀, kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó kan ìṣó mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó fi pùláyà kọ́ ọ. Ó wé àkísà mọ́ ọn nídìí kí ó má baà máa dun ọwọ́. Ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa dì í mú. Bí àlejò bá wá kí wọn, yóò mú un lọ wo bí òun ti gbọ́n tó. Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ìdajì làálàá tí ó ṣe lórí pùláyà ìbá ti tún ẹ̀rọ ṣe.

Kò pẹ́, ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan kan tí ń dán lábẹ́ irin náà, ó kúnná bí iyọ̀. Ó fi ìka kó o, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀ wò.

Ó ní, "Pùláyà ń jẹ irin yìí o."

Ọkọ ní, "Ìdọ̀tí ni. Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?"

Ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ọkọ ní, "Ṣebí mo ní màá ṣe é." Ó tún sọ ọ́. Ọkọ ní kí ó má sọ òun di ọmọdé nínú ilé òun. Láti ìgbà náà, obìnrin yẹn kò sọ ọ́ mọ́. Ọkọ rò pé ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Oyèníran, má wo ilẹ̀. Èmi ni kí o máa wò.

Ó wá di ọjọ́ kan. Ilé ìwòsàn tí obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ fẹ́ yan ọ̀gá fún àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ní kí ó wá fara hàn níwájú ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ̀ wọ́n wò. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń retí ọjọ́ yìí. Ó fọ aṣọ funfun rẹ̀ lówùúrọ̀ bí ó ti máa ń ṣe, òjò ń rọ̀ níta, ó kó o sínú ẹ̀rọ. Ó mú pùláyà, ó yí i. Pùláyà yọ̀. Ó tún dì í mú, ó tún yọ̀. Irin náà ti di roboto yíká, ó ń dán, kò sí ibi tí ènìyàn lè dì mú lára rẹ̀ mọ́.

Ó pe ọkọ. Ọkọ fi gbogbo agbára ki pùláyà mọ́lẹ̀ títí òógùn fi bò ó. Ìgbà yẹn ni ó tó rántí nọ́ọ̀bù. Ó já ọ̀rá, ó tì í mọ́ irin. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó tilẹ̀ wọlé jù. Bí ó ti yí i, nọ́ọ̀bù tuntun ń yí lófìfo gẹ́gẹ́ bí èyí tó là, nítorí pé ibi tí ó yẹ kí ó dì mú kò sí níbẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀bù kò jẹ̀bi. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pè é ni.

Obìnrin náà yọ aṣọ tútù náà nínú ẹ̀rọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójú ọkọ rẹ̀. Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Ọkùnrin náà dúró pẹ̀lú pùláyà lọ́wọ́, ó ń wo ibi tí omi ti kán sílẹ̀ tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ì bá wù ú kí ó bú òun.

Kí lo ní? Ṣé wọ́n yàn án? Mo sọ fún ọ pé kí o má já lu ọ̀rọ̀ mi! Wọ́n yàn án. Kì í ṣe ọlá ọkọ rẹ̀. Wọ́n sì fún un ní ilé nínú ọgbà ilé ìwòsàn, ilé tí ó ní àgbàlá àti okùn aṣọ gígùn, wọ́n ní ìgbàkígbà tí ó bá fẹ́ ni kí ó wá gba kọ́kọ́rọ́. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí ń sọ pé omi ti hó lórí iná.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó ba ọkùnrin náà. Ó yọ wáyà ẹ̀rọ kúrò lára iná, ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó mú fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi họ ẹ̀gbẹ́ kan lára irin náà kí ó lè tún tẹ́ pẹrẹsẹ. Irin náà kò nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá kánjú, ó lè kán. Kò kánjú. Ó gé páànù tẹ́ẹ́rẹ́ lára agolo mílíìkì, ó fi wé irin náà kí nọ́ọ̀bù lè fún mọ́ ọn. Ó tì í wọlé. Ó dá iná padà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i. Ẹ̀rọ kùn.

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn tí ó ń wò ó. Ó ní, "Jẹ́ kí èmi náà yí i wò." Ó yí i. Kò lọ gba kọ́kọ́rọ́ ilé náà mọ́. Ọkọ fa ìṣó ara ògiri yọ. Ó mọ̀ pé irin tí ó ṣẹ́kù tó nọ́ọ̀bù, kò tó pùláyà mọ́ láé.

Ó tán níbẹ̀. Ó wá ku tìrẹ.

Oyèníran, èmi ni alárenà yín. Nígbà tí ojú ń tì ọ́ láti bá Ìbídùn sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ lọ, tí mo ń gbé tirẹ̀ bọ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárenà a yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwọ kò jẹ́ kí n yẹ̀! O sọ̀rọ̀ àlùfààṣá sí ìyá rẹ̀, o sáré wá: "Màmá, ẹ bá mi ṣìpẹ̀." O ní wàá gbé Ìbídùn lọ sílé ìwòsàn, o bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ wo bọ́ọ̀lù, o sáré wá: "Màmá, ẹ bá mi ṣìpẹ̀." Èmi á wọ bàtà, màá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá ní kí ó wo ewú orí mi, kí ó fiyè dénú. Òun á ní òun ti gbọ́. Ìwọ á wá padà sílé bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, ilé á sì tún máa kùn lọ.

Èmi ni pùláyà rẹ. O ti kan ìṣó mi mọ́ ògiri. Ó sì ti sú mi, ó sú mi dé ọrùn!

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyàwó rẹ fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ lójú àwọn àbúrò rẹ, o ní, "Ta ló bi ọ́ léèrè?" Ẹnu tìrẹ ni ó sọ ọ́. Kí ló dé tí ẹnu yẹn kò fi mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́? "Má bínú" kò gùn. Ó ti wà nílé rẹ láti ọjọ́ pípẹ́, nínú ọ̀rá rẹ̀, o kò já a.

O ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun! Ìwọ tí irùngbọ̀n rẹ ti ń funfun! O ní àṣà wa ni kí àgbà máa báni bẹ̀bẹ̀. Àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ a máa dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn àgbà tó ń bá a bẹ̀bẹ̀. Ìwọ, inú pálọ̀ mi ni o máa ń jókòó sí dè mí, tí wàá máa mu tíì mi.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, tí n kò tíì sọ fún ọ. Ìbídùn kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi fún mi. N kò tíì la ẹnu tí ó ti ní, "Mo ti dárí jì í, mà. Ẹ mu omi." Ọ̀rọ̀ mi yọ̀ lára rẹ̀, Oyèníran. Kò rí ibi dì mú. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú mi ni ó ń wò. Ẹ̀yìn mi ni ó ń wò, lẹ́nu ọ̀nà, bóyá ẹnì kan tún ń bọ̀.

Ohun tó ṣẹ́kù nìyẹn. Ó tó ọwọ́ rẹ. Kò tó tèmi mọ́, bí mo bá sì tún fọwọ́ kàn án, èmi ni n óò bà á jẹ́ tán.

Gbé ife tíì yẹn sílẹ̀. N kò ní í wọ bàtà. Ẹnu ọ̀nà ni àpótí rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ojú rẹ̀ wà. Lọ dúró síbẹ̀.