Odò Tí Mo Kọ̀ Láti Gbé Dìde Nítorí Òkè-Èsúrú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn má baà sọ pé òun kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti fi gbé e kiri, ó sì wúwo nínú mi bí òkúta tó wà ní ìsàlẹ̀ odò. Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ Láṣebìkan ọdẹ, ọmọ Òkè-Èsúrú pọ́nńbélé. Orí òkè yìí ni wọ́n bí mi sí, orí òkè yìí ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ta ọfà, bí a ṣe ń tẹ ewé gbígbẹ tí kò fi ní dún, bí a ṣe ń mọ ipa ẹtu yàtọ̀ sí ipa ìgalà. Nígbà tí irùngbọ̀n mi hù tán, kò sí igbó tí àwọn ènìyàn ń wọ̀ tí n kò wọ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n ń sá fún tí n kò tíì dúró sí ẹ̀bá rẹ̀ wò.

Ìlú kékeré ni Òkè-Èsúrú. Ẹni tó bá kúrò ní ibodè àríwá lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀ yóò dé ibodè gúúsù kí oòrùn tó kan àtàrí. Ṣùgbọ́n àárín àwọn alágbára méjì ni Ẹlẹ́dàá fi wá sí. Ní àríwá ni ìjọba Gánrín wà, àwọn ẹlẹ́ṣin, tí eruku ẹsẹ̀ ẹṣin wọn máa ń bo oòrùn lójú bí ẹni fi aṣọ bo ìkòkò. Ní gúúsù ni ìjọba Etídò wà, àwọn oníbọn, tí ìbọn wọn máa ń mú kí ewé já lára igi ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Odò Àlùmọ̀ ń sàn gba ìsàlẹ̀ òkè wa kọjá, ẹni tó bá sì ni odò yẹn ló ni ọ̀nà òkun, òun náà ló ni ọ̀nà ọ̀dàn. Nítorí odò yìí ni àwọn ọba ńlá ṣe mọ orúkọ wa. Kò sí ìdí mìíràn.

Ní ayé bàbá bàbá mi, Gánrín ránṣẹ́ sí wa pé kí a yá àwọn ní pápá kan tí ẹṣin àwọn yóò ti jẹko fún ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo. A yá wọn. Ogójì ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, ẹṣin wọn ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ wá pọ̀ jù, ọba wa ránṣẹ́ sí Etídò pé kí wọ́n wá gbà wá. Etídò wá lóòótọ́, wọ́n lé Gánrín lọ, a jó, a kọrin, a pa màlúù fún wọn. Ìgbà tí a jó tán ni a rí i pé wọn kò tíì tú àgọ́ wọn ká. Wọ́n ní kí a fún àwọn ní ọmọ méjìlá ní ìdógò, kí àwọn lè ní ìdánilójú pé a kò ní pe ẹlòmíràn wá lé àwọn náà.

Àwẹ̀ró, ọmọ mi kan ṣoṣo, wà lára àwọn méjìlá náà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ó ní àpá iná ní apá òsì, ó sì máa ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òjò ń lé. Nígbà tí wọ́n ń kó wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, ọjọ́ wo lẹ máa wá mú mi?" Mo ní, "Kò ní pẹ́." Ọdún mẹ́ta kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni atukọ̀ kan mú ìròyìn wá pé ọba Gánrín àti ọba Etídò ti pàdé lórí erékùṣù iyanrìn kan, wọ́n jọ mu ẹmu, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ọ̀pá fa ìlà sórí iyanrìn: ìdajì Òkè-Èsúrú di ti Gánrín, ìdajì di ti Etídò. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa níbẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ pè wá kí a wá wò ó.

Ọba wa, Adéṣìgbìn, ránṣẹ́ pè mí ní kùtùkùtù. Mo bá a níbi tó dá jókòó sí, láìsí ìjòyè kankan lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ọdẹ́rìnlọ, ṣé o ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, Kábíyèsí."

"Wọ́n ti pín wa bí ẹran igbó, bẹ́ẹ̀ a kò tíì kú." Ó ní kí n sún mọ́ òun. "Nínú Igbó Ìdákẹ́, iwin kan wà tí à ń pè ní Olùṣọ́ Ààlà. Òun ni àwọn baba ńlá wa bá mulẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó. Bí ọ̀ràn bá dé ojú ẹ̀, ọdẹ kan ṣoṣo la máa ń rán sí i. Lọ bá a. Sọ fún un pé a ti dé bèbè."

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ti di oúnjẹ ọ̀nà fún mi. Kò sunkún. Ó ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, bí ẹ bá rí ẹni tó lágbára, ọmọ wa ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ." Mo ní mo gbọ́, mo sì jáde.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Igbó Ìdákẹ́ kò jọ igbó kankan tí ẹ mọ̀. Ẹyẹ ń ṣí ẹnu níbẹ̀, ohùn kò jáde. Omi ń já láti orí àpáta, kò dún. Igi ibẹ̀ ga débi pé ẹni tó bá fẹ́ rí ṣóńṣó wọn gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ bí òkú. Mo rìn títí ọjọ́ fi dàrú mọ́ mi lójú, títí mo fi dé ibi tí ọ̀nà ti há. Níbẹ̀ ni òmìrán kan jókòó sí, orí rẹ̀ tóbi bí àká, ojú méjì ló ní, ọ̀kan kọjú sí àríwá, ọ̀kan kọjú sí gúúsù, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnu tirẹ̀.

Ẹnu àríwá ní, "Káàbọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ bí mo ṣe fẹ́ràn ẹyinjú mi. Má gbọ́ ti èyí tó wà lẹ́yìn mi, apanijẹ ni."

Ẹnu gúúsù ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo fẹ́ràn rẹ jù. Òun ló ń pa ọ́ jẹ, èmi ni n óò gbà ọ́. Yan ọ̀kan nínú wa kí o tó kọjá. Bí o bá ṣi yàn, o kò ní rí ọ̀nà ilé mọ́."

Mo wo ẹnu méjèèjì, eyín wọn funfun lọ́nà kan náà. Mo sì wo ìsàlẹ̀, mo rí ikùn ràbàtà kan tó yọ síwájú bí òkè. Mo ní, "Ẹ̀yin alágbára, n kò rí méjì níbí tí n óò ti yan ọ̀kan. Èyí tó bá gbé mi mì nínú yín, inú ikùn yìí náà ni mo ń lọ."

Òmìrán náà fi ẹnu méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn ọba rẹ mẹ́ta ti rán ènìyàn kọjá níbí, gbogbo wọn ló yan ọ̀kan." Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, mo sì kọjá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo dé pápá kan tí àwọn ènìyàn pọ̀ sí, ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọdé. Wọ́n jókòó láìṣe ohunkóhun. Oòrùn mú gan-an níbẹ̀, síbẹ̀ aṣọ gbogbo wọn tutù, omi ń kán tó tó tó létí ìró àwọn obìnrin. Obìnrin àgbà kan dìde wá bá mi. Èdè rẹ̀ fara jọ tiwa, bí ẹni pé ìyá ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Èmi ni ìyálóde Ìrágà. Ọmọ ibo ni ọ́?"

Mo ní, "Ọmọ Òkè-Èsúrú ni mí, ìyá. N kò gbọ́ orúkọ ìlú yín rí."

Ó wò mí títí. Ìbínú kọ́ ni mo rí lójú rẹ̀, ohun tó burú ju ìbínú lọ ni. Ó ní, "O kò gbọ́ ọ rí. Ó dára. Ẹni tí ò ń lọ bá wà níwájú. Kí o tó tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, bi í pé kí ló dé tí aṣọ wa kò gbẹ." Ó padà lọ jókòó, kò sì wò mí mọ́.

Olùṣọ́ Ààlà dúró ní orísun Odò Àlùmọ̀, ẹsẹ̀ kan ní apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ kan ní apá òsì. Ìdajì ara rẹ̀ jẹ́ amọ̀, ìdajì jẹ́ omi, ohùn rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí bèbè odò bá ń ya lulẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọmọ Òkè-Èsúrú," ó ní, "ẹ̀yin kì í wá kí mi, àfi bí ọ̀ràn bá dé. Kí lẹ fẹ́?"

"Ọba wa ní kí n kí yín. A fẹ́ ṣẹ́kù sáyé. A fẹ́ kí orúkọ wa má parẹ́."

"Èyí kò ṣòro. Ọmọ ogun Gánrín àti ti Etídò ti jọ pàgọ́ sí etí odò, wọ́n fẹ́ ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún mi, sọ pé, 'Kún,' n óò sì gbé odò dìde. Kò sí ẹṣin tí yóò sá jáde, kò sí ẹlẹ́ran ara tí yóò yè é. Ọgọ́rùn-ún ọdún yóò kọjá kí ẹnikẹ́ni tó tún wo òkè yín."

Ayọ̀ gbé mi dìde. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Nígbà náà ni mo rántí ìyálóde, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni àwọn ará Ìrágà? Kí ló dé tí aṣọ wọn kò gbẹ?"

Ó ní, "Ogun kan ti wá rí, ó tó èyí ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọdẹ kan dúró síbi tí o dúró sí. Àwọn ará Ìrágà ń gbé etí odò nígbà náà, wọ́n kéré sí yín, wọ́n ń fi ẹja gba iṣu lọ́wọ́ yín, ẹ jọ ń fẹ́ ọmọ ara yín. Mo sọ fún ọdẹ náà pé odò kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí aládùúgbò. Ó ronú díẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ ìrẹsì yín tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, ilẹ̀ wọn ni."

"Kò sí ẹni tó sọ fún wa rí."

"Ta ni ìbá sọ fún yín? Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́ kù láti pìtàn."

Mo bi í pé, "Lónìí ńkọ́? Ta ló wà ní etí odò?"

"Etídò kó àwọn ọmọ méjìlá náà wá, wọ́n fi wọ́n sáàárín àgọ́ kí ẹ má baà ta ọfà. Ọ̀kan nínú wọn ní àpá iná ní apá òsì."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé odò dìde kí ó dá àwọn ọmọ sí. Ó ní odò ni odò. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi orí sáàárín orúnkún. Mo ro ìlú wa, mo ro ibojì bàbá mi, mo ro àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ní purọ́ fún yín. Ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ rò, kì í ṣe Ìrágà. Bí Àwẹ̀ró kò bá sí níbẹ̀, ṣé n kì bá ti sọ ọ̀rọ̀ náà? Mo ti bi ara mi láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọdún mọ́kànlélógún, n kò tíì rí ìdáhùn.

Mo dìde, mo ní, "N kò ní sọ ọ́."

Ó ní, "Máa lọ. Ọ̀nà yìí kò ní ṣí fún Òkè-Èsúrú mọ́." Kò bínú, kò sì yìn mí.

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ láàfin níwájú tọmọdé tàgbà, n kò fi ti Ìrágà pa mọ́. Ariwo ta. Balógun Olúgbọ̀dé fa idà yọ, ó ní, "O ta gbogbo wa nítorí ọmọ kan!" N kò mọ̀ bóyá irọ́ ló pa. Ọba gbé ọwọ́ sókè. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, "Òótọ́ ni ti Ìrágà. Bàbá mi sọ fún mi nígbà tó ń kú lọ. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ogun ìjọba méjèèjì gòkè wá. Balógun àti ogójì ọkùnrin dúró ní ibodè àríwá, wọ́n jà títí ẹni ìkẹyìn wọn fi ṣubú. Wọ́n mú ọba lọ sí Gánrín, ibẹ̀ ló kú sí, a kò rí òkú rẹ̀ sin. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ láti ìlà-oòrùn ìlú dé ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, wọ́n ta okùn sí i, okùn náà gba àárín ọjà wa kọjá. Nínú ọmọ méjìlá, mẹ́sàn-án ló padà. Ibà ti pa mẹ́ta nínú àgọ́.

Àwẹ̀ró padà. Ó ti ga. Ó kúnlẹ̀ kí wa bí ọmọ Etídò ṣe ń kúnlẹ̀, nígbà tí ìyá rẹ̀ sì gbá a mọ́ra, ó fi èdè Etídò bi mí pé ta ni obìnrin yìí. Ìyàwó mi ní, "Ẹ má sunkún, Bàbá Àwẹ̀ró. Ó wà láàyè." Àwẹ̀ró kọ́ èdè wa padà, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá sùn, èdè Etídò ló fi ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ní ti opó Balógun, kò dá mi lóhùn ìkíni kan títí ó fi kú, n kò sì dá a lẹ́bi.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí alágbára kan bá wá gbà yín lọ́wọ́ alágbára mìíràn, kí ẹ tó pa màlúù fún un, ẹ bi í ní ọjọ́ tí yóò padà sílé, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ lè lé e lọ bí ọjọ́ náà bá pé. Bí ẹ bá ń pìtàn ìyà tí wọ́n fi jẹ wá, ẹ má fo ibi tí àwa náà ti fi ìyà jẹ ẹlòmíràn. Ẹ dárúkọ Ìrágà fún àwọn ọmọ yín. Ẹ fi èdè wa sí wọn lẹ́nu ní apá méjèèjì, kí ọmọ apá ìhín má baà nílò ògbufọ̀ láti kí ọmọ apá ọ̀hún, nítorí wọn kò tíì rí okùn tí wọ́n lè ta sórí ìyẹn.

Ó tó. Oòrùn ti ń wọ̀. Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní apá Gánrín, ẹ dìde, ẹ tètè kọjá kí wọ́n tó ti ibodè ààlà. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé.