Jíìpù Ògúnṣakin àti Ẹsẹ̀ Ìyá Rẹ̀

Nígbà tí kòkó ṣì ń sọ àgbẹ̀ di ọlọ́lá, àgbẹ̀ kan wà ní Aba Ìrókò tó ń jẹ́ Ògúnṣakin. Òun nìkan ló ní ọkọ̀ ní gbogbo aba wa: ògbólógbòó jíìpù kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì àfi téèyàn bá fi ìbàdí gbá a. Títí dòní, àárò ariwo ọkọ̀ yẹn ṣì ń sọ mí.

Torí ìyá rẹ̀ ló ṣe rà á. Ìyá Àgbà ti darúgbó, orúnkún ń dùn ún, ohun kan ṣoṣo tó sì kù tó ń fẹ́ ni kó tún fojú kan Wúràọlá, àbúrò rẹ̀ tó wà lórí àìsàn ní Ìgbódò. Ṣùgbọ́n àpáta kan yọrí láàárín ọ̀nà Ìgbódò. Bí jíìpù bá ti débẹ̀, ikùn rẹ̀ a há, wọn a sì padà sílé.

Ògúnṣakin bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Mùkáílà mẹkáníìkì pé kó bá òun gbé e ga.

“Ọ̀nà méjì ló wà, Bàbá,” ni Mùkáílà wí. “A lè fi ewé irin kan, irin pẹlẹbẹ, kún sípíríǹgì rẹ̀. Á ga díẹ̀, á sì ré àpáta yẹn kọjá bí ẹ bá rọra wà á. Tàbí ká ki búlọ́ọ̀kù irin bọ abẹ́ sípíríǹgì, ká wọ táyà ńlá fún un. Ìyẹn, ẹ ó máa wo orí òrùlé àwọn èèyàn ni!”

“Orí òrùlé kẹ̀! Ìyẹn ni kó o ṣe.”

Ká má purọ́, ó wu gbogbo wa. Ọjọ́ tí jíìpù dé, gàgàrà bí àká, ńṣe la tú jáde tí à ń pàtẹ́wọ́. Ògúnṣakin gùn ún bí ẹni ń gun ọ̀pẹ, ó wà á kọjá lórí àpáta, ó sì padà wá tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà jáde nínú aṣọ òfì rẹ̀, ó di ẹ̀pà sísun tí Wúràọlá fẹ́ràn dání. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kò tó o. Wọ́n gbé àpótí wá, orúnkún kọ̀. Ni Ògúnṣakin bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e.

“Fi mí sílẹ̀! Ṣé òkú ni mí ni? Nínú ìdílé wa, òkú nìkan ni wọ́n ń gbé jáde nílé. Ẹsẹ̀ ara mi ni n ó fi kúrò nílé ọmọ mi.”

A bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ó padà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà rẹ̀ lórí itan. Ògúnṣakin sáré gbé ọkọ̀ padà fún Mùkáílà. Kí wọ́n tó tú búlọ́ọ̀kù kúrò, kí wọ́n tó rí ewé irin tó bá a mu, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló wọlé. Jíìpù rọra ré àpáta kọjá, kò há. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Ìgbódò, erùpẹ̀ tútù ni wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Àná ọjọ́ náà ni wọ́n sin Wúràọlá.

Ògúnṣakin dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá Àgbà gbé ẹ̀pà náà kalẹ̀ sórí sàréè, ó wá gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí.

“Dìde, ọmọ mi. Àpáta lo wò, o ò wo ẹsẹ̀ mi.”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Aba Ìrókò fi ń pa á lówe pé: ká tó gbé ọkọ̀ ga, ká kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.