Ta Ni Yóò Gbé Ọkọ̀ Sábẹ́ Igi Ọ̀dán?

Alága ìjọba ìbílẹ̀ Àràmú sọ pé ibi tí ilé sinimá ti wó láàárín ìlú kò ní di ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mọ́, àwọn ìjòyè ni yóò máa gbé ọkọ̀ síbẹ̀, ìjòyè márààrún sì ti fọwọ́ sí i. Ó sọ fún Ìbídùn, obìnrin tó ń kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù olóṣọ́ọ̀bù, tó wá bẹ̀bẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, pé bí gbogbo wọn bá yọwọ́ kí oòrùn tó wọ̀, kí ó gba ilẹ̀ náà. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó fi ọ̀dà funfun pín ilẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún, ọ̀kan lábẹ́ igi ọ̀dán, mẹ́rin nínú oòrùn, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó ń sáré láti ilé ìjòyè kan dé èkejì: "Ẹ jọ̀ọ́, oyè ta ni kí n kọ sábẹ́ igi?" Ọ̀tún ní ṣé wọ́n tún ń béèrè ìyẹn ni? Balógun ní ogun wo ni Ọ̀tún jà rí? Ìyálóde ní ọkùnrin tí òun bá wá ìyàwó kò lè gbé mọ́tò sí ibòji kí òun wà nínú oòrùn. Àwọn méjì tó kù ní ará ìlú yóò ka orúkọ àwọn nínú oòrùn, wọn yóò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, lẹ́tà márùn-ún ti dé ọ́fíìsì, gbogbo wọn ní ṣọ́ọ̀bù ló bá ìlọsíwájú ìlú mu. Alága fárígá: "Ìwọ obìnrin yìí, o ò ṣe kọ orúkọ tèmi sábẹ́ igi kí ọ̀rọ̀ tán?" Ìbídùn tún kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí, kí n sì lọ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́." Orí ìdúró ni alága ti fọwọ́ sí ìwé ṣọ́ọ̀bù.