Tépù Dúdú Lójú Iná Ẹ́ńjìnnì

Àkàngbé, o ti ro ẹjọ́ rẹ tán, mo sì gbọ́ ọ. Fara balẹ̀ kí o gbọ́ tèmi náà.

Ọkùnrin kan wà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, tó fi ọmọbìnrin kan àti ọkọ̀ kan sílẹ̀ fún un. Ọkọ̀ eré ni, onílẹ̀kùn méjì, ó pupa fòò. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n bó bá ń kọjá, àwọn èèyàn a dá ọ̀rọ̀ dúró kí wọ́n lè wò ó. Ẹ̀gbọ́n yìí ti ṣèlérí fún ọmọ rẹ̀ pé ọkọ̀ yẹn ni yóò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Àbúrò gba ìlérí náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

Ìfẹ́ ọkọ̀ náà gùn ún bí ẹṣin. Kò sí òde tí kì í gbé e lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, iná kékeré tí wọ́n ya ẹ́ńjìnnì sí tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó wa ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ abẹ́ sítíárìn, nọ́ńbà kan sì jáde.

"Ọ̀gá, nọ́ńbà yìí ò tíì sọ ohun tó bàjẹ́," ni ó wí. "Ibi tó yẹ ká tú wò ló ń tọ́ka sí. Ọ̀kan nínú àwọn púlọ́ọ̀gì ò taná dáadáa. Ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì, ó sì lè jẹ́ wáyà. Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ fún mi."

Ọkùnrin náà ro bí yóò ti máa fẹsẹ̀ rìn kọjá lójú àwọn tó ń kan sáárá sí i. Kò lè gbà. Ó ní, "Iná yẹn ni kó o bá mi pa. Mọ́tò ṣì ń rìn."

Wọ́n fi ẹ̀rọ náà pa á. Kò pẹ́, iná tún tàn, ó tún ní kí wọ́n pa á. Nígbà tó sú u, ó gé tépù dúdú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú iná náà. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, yóò yí rédíò sókè.

Ọjọ́ ìgbéyàwó dé. Wọ́n súre fún ọmọ náà tán, wọ́n ní bó bá ti jáde nílé, kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó jókòó ti àbúrò bàbá rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Wọ́n gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì dé ìdajì, ọkọ̀ gbọ̀n jìnnìjìnnì, ó sì kú. Ọkùnrin náà yí kọ́kọ́rọ́ títí, ọkọ̀ kò dáhùn. Ọ̀nà òkè náà há, ọkọ̀ tó kú sì ti dí i, kò sí ọkọ̀ mìíràn tó lè kọjá wá gbé ìyàwó.

"Bàbá, kí lẹ lẹ̀ mọ́ ibí yìí?" Ọmọ náà ti fi èékánná ṣí i. Iná náà ń tàn lábẹ́ rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń tàn?"

Ojú ti ọkùnrin náà débi pé kò lè wo ọmọ náà.

"Bàbá mi ì bá ti tún un ṣe," ni ọmọ náà wí. Ó bọ́ bàtà, ó kó etí aṣọ rẹ̀ jọ, ó sì fẹsẹ̀ gun òkè tó kù, nítorí wọ́n ti ní kó má bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bàtà ìyàwó ni ọkùnrin yìí gbé, tó ń tẹ̀ lé e lójú gbogbo ìjọ tó jáde wá pàdé wọn. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Ì bá sàn fún un ká ní wọ́n bú u.

Àkàngbé, ìyàwó rẹ ní ọtí tí ò ń mu ti pọ̀ jù. O ní aláròyé ni. Ó tún un sọ lójú ìyá rẹ, o fi ìbínú jáde. Láàárọ̀ yìí o wá bá mi, òórùn ọtí ṣì wà lẹ́nu rẹ, o ní kí n pè é kí n kìlọ̀ fún un kó dákẹ́. Èmi ni mo so yín pọ̀, ojú sì ń tì mí fún ọ. Dìde, lọ sílé, kí o lọ bi í ní ohun tó rí. Ní ti ẹnu tí o fẹ́ kí n bá ọ dí, n kò ní tépù nílé.